Ẹni Tó Dìde fún Lavada Crenshaw

Ọdún méjì gbáko ni Ozella Birdsong fi ń jẹ́ Lavada Crenshaw kiri, àṣírí kò sì tú. Kò le rárá. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo orin Lavada kì í fi àwòrán olórin sára páálí rẹ̀, orúkọ nìkan ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Láti Memphis dé Macon, láti Macon dé Jackson, ohun tí àwọn èèyàn dúdú mọ̀ nípa Lavada kò ju ohùn lọ, ohùn obìnrin tó ń kọ orin ìbànújẹ́ tí wọ́n ń pè ní búlúùsì, bí ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ rojọ́ níwájú àwọn àna. Obìnrin tó bá ti lè mú irú ohùn yẹn jáde, tó wọ aṣọ pupa, tó sì bọ́ sórí ìtàgé, Lavada ti dé nìyẹn, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ozella lè mú un jáde. Oko òwú ni wọ́n bí i sí, ní Mississippi, ó sì ti ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó pé mọ́kàndínlógún, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Memphis. Ó ń fọ abọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì àwọn òyìnbó, tó bá sì di ìparí ọ̀sẹ̀, a lọ kọrin ní ilé ijó Ọ̀gbẹ́ni Thurmond Pettis. Ó ṣe àwo kan ní orúkọ ara rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lò ó lórí rédíò, lẹ́ẹ̀kejì yẹn, orúkọ ẹlòmíràn ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pè mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò, kò sì sí ẹni tó máa bá a bínú sí i.

Pettis yìí kan náà ni alábòójútó Lavada. Nígbà tí kíndìnrín Lavada bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, tó dùbúlẹ̀ sí Detroit, tí ìlú mẹ́rìnlá sì ti lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri, Pettis wá bá Ozella nídìí abọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Ó mú un lọ sí Detroit, Lavada sì fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ láti orí ibùsùn, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Kò jowú. Ó ní, "Má kánjú, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ sáà máa mí. Jẹ́ kí wọ́n dúró dè ẹ́. Tí wọ́n bá ti ń rò ó pé o ti gbàgbé orin, ìgbà yẹn ni kó o tó là á mọ́ wọn lórí." Lójú ẹsẹ̀ ni Ozella fẹ́ràn rẹ̀. Kò tún fojú kàn án mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì, oṣù méjì di ọdún méjì. Ní oṣù kẹta ọdún 1967 yìí, Lavada kú. Pettis sin ín ní Detroit ní orúkọ ọkọ kan tí obìnrin náà ti kọ̀ sílẹ̀ tipẹ́, kí àwọn oníwèé ìròyìn má baà gbọ́. Orin márùn-ún tí Lavada ti kọ sílẹ̀ kò tíì jáde, òkú kò sì lè máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti polówó wọn. Pettis ní àwọn á kéde rẹ̀ tó bá yá. Oṣù kẹjọ la wà yìí, kò tíì yá.

Ní Sátidé kejì oṣù náà, wọ́n wà ní Belle Fork, ìlú kékeré kan tí oko òwú yí ká. Ilé Miss Eula ni wọ́n wọ̀ sí, torí hòtẹ́ẹ̀lì ìlú yẹn kì í gba èèyàn dúdú. Ó ti ń lọ sí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ozella àti Hosea wà ní kíṣìnì, wọ́n ń jẹ ẹja díndín. Hosea ni olórí àwọn tó ń lu ohun èlò fún un, àgbàlagbà tó ti ń ta gìtá kí wọ́n tó bí Ozella, ọmọ agbègbè náà sì ni. Wọ́n gbọ́ igi tó ń kanlẹ̀ lórí pákó fàráńdà, kó, kó, kó, ìyá arúgbó kan sì yọ sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun lọ́rùn, dígí dúdú lójú.

"Ta ni Lavada nínú yín?"

"Èmi nìyí, mà," ni Ozella wí.

Ẹnu ló mọ́ ọn lára. Ó ti fi ọdún méjì dáhùn ìbéèrè yẹn, kì í rò ó mọ́ kó tó dáhùn. Ìgbà tó rí i tí Hosea gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀ ló tó mọ̀ pé òun ti ṣìṣe.

"Ohùn rẹ ti nípọn," ni ìyá náà wí. "Ṣé sìgá lò ń mu ni?"

"Rárá o, mà."

"Irọ́ ni. Bàbá rẹ náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú èéfín nímú. Wá síbí. Ọdún méjìlá, Lavada. Ṣé ọ̀nà Detroit ò ní àbọ̀ ni?"

Ozella dìde, ó lọ bá a. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí tó fi jókòó. Àtọ̀gbẹ ló gba ojú rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé wọ́n jí adìẹ òun gbé.

"Ẹ jẹ́ ká fún yín ní kọfí, Màmá," ni Hosea wí.

"Ìwọ ta ni?"

"Hosea ni, mà. Èmi ni mò ń ta gìtá fún un."

"Ìwọ lò ń fi gìtá lé ọmọ mi kiri ayé."

"Òun ló ń lé mi, Màmá. Ẹ wo bí mo ṣe gbẹ. Háà, ẹ dákun, ẹ ò ríran."

"Mo gbọ́ ọ bó o ṣe ń jẹun nígbà tí mò ń bọ̀. Ẹni tó gbẹ kì í jẹun báyẹn." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́ Ozella síwá sẹ́yìn. "Ọwọ́ rẹ le o. Mo rò pé olórin kì í fọ abọ́."

"Ìrìn àjò ni, mà."

"Hẹn. Ìrìn àjò. Lẹ́tà rẹ ò wá mọ́ láti oṣù kẹta. Arábìnrin tó máa ń kà á fún mi ní bóyá o ti gbàgbé mi. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Wàá dẹ̀ wá bá mi parí ẹjọ́ yẹn lọ́la, torí Ọjọ́ Ìpadàbọ̀ la fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Òkè Nébò. Àwọn tó wà ní Chicago, àwọn tó wà ní St. Louis, gbogbo wọn ló ń bọ̀ wálé. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ fún wọn pé o máa wá. Àwọn obìnrin ìjọ á wá fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu. Wọ́n rò pé ẹni tí ò ríran ò ní gbọ́ ẹ̀rín. Jókòó tì mí, kọ orin kan ṣoṣo, kó o sì máa lọ. Mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan."

Kí ni Ozella fẹ́ sọ? Ó ní òun á wá. Ìyá náà fọwọ́ tọ́ ọ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ṣọ́ra bí ẹni tó ń wò ó bóyá irin ṣì gbóná, ó sì dìde. Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé e wá ń dúró dè é lójú títì.

Ozella sìn ín dé fàráńdà, ó padà sí kíṣìnì, ó jókòó ti ẹja tó ti tutù. Ó fẹ́ sunkún, omi ojú kò wá.

Pettis wọlé láti ilé kejì, níbi tó ti lọ lo tẹlifóònù. Miss Eula ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà. Ozella rò pé yóò ní kí òun má lọ. Ẹ̀rín ni Pettis ń rín.

"Lọ o," ni Pettis wí. "Kí ló burú níbẹ̀? Lọ kọrin fún ìyá arúgbó, kó o jẹun dáadáa, kó o tún padà wá. Inú rẹ̀ á dùn."

"Ọmọ rẹ̀ ti kú, sà."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo sin ín. Tó o bá wá sọ ọ́ fún un, kí lo gbé fún un? Òkú lo gbé fún un. Ní báyìí, ó ní ọmọ." Ó fa àga, ó jókòó. "Ìwọ náà wò ó dáadáa, Ozella. Tí Lavada bá kú lónìí, ìwọ náà kú. Hosea kú. Àwọn mẹ́ta tó kù kú. Àwo tìẹ tá a fẹ́ gbé jáde ní oṣù kẹwàá, tí orúkọ ìwọ gan-an máa wà lára rẹ̀, gbàgbé ẹ̀. Ta ló máa gba ẹni tó ń jẹ́ orúkọ òkú láyè lórí ìtàgé rẹ̀? Mi ò halẹ̀ mọ́ ẹ o. Mò ń bá ẹ ṣírò ẹ̀ ni."

Ó bu ẹja kan nínú abọ́ Hosea, ó ń jẹ ẹ́ jáde lọ. Èèyàn burúkú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń mọ́gbọ́n dání kò pọ̀, Pettis sì wà lára wọn.

"Hosea," ni Ozella wí, "kí ni wọ́n ń ṣe ní Òkè Nébò?"

Hosea fa abọ́ rẹ̀ tì. "Wọ́n á kọrin. Wọ́n á wàásù. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé á ṣí ìwé, á ka orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tó kú láàárín ọdún, ì báà jẹ́ ìlú tó jìnnà ni wọ́n kú sí. Bó bá ti ka ọ̀kan, èèyàn rẹ̀ á dìde fún un. Á sọ ibi tó kú sí. Akọ̀wé á wá bi í pé ta ló fọwọ́ kàn án nígbà tó ń kú. Orúkọ ẹni yẹn náà, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á lu agogo kan. Ẹni tí wọn ò bá kà lọ́jọ́ yẹn, wọn ò kà á mọ́ àwọn òkú wọn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ro ilẹ̀ fún un, kò sẹ́ni tó máa gbé òdòdó síbì kankan. Bàbá mi wà nínú ìwé yẹn."

"Tí kò bá sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ńkọ́?"

"Wọ́n á kọ ọ́ pé Ọlọ́run nìkan." Hosea ń wo ilẹ̀. "Àwọn ìyá ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn rárá."

Kò sí ẹni tó wà lọ́dọ̀ Lavada nígbà tó kú. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Onílé ló kanlẹ̀kùn láàárọ̀, tí kò gbọ́ ohùn. Ní ọjọ́ tó kú gan-an, Ozella wà ní Macon nínú aṣọ pupa, ó ń kọ orin Lavada, wọ́n sì ń pariwo "Lavada" títí ilé fi ń mì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Hosea tó sọ fún un nínú mọ́tò, láìwo ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni inú Ozella kì í ti í dùn sí àtẹ́wọ́ mọ́. Ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń tẹrí ba fún un, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe é bí ẹni tó wọ bàtà òkú.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè mọ́, ó ti pinnu. Òun kò ní purọ́ fún ìyá yẹn mọ́. Ohun tó bá máa dé, kó dé. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe pupa, Hosea sì wà á lọ.

Mọ́tò kún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Òkè Nébò débi pé àwọn kan gbé tiwọn sínú oko òwú. Ooru mú. Nínú ilé, abẹ̀bẹ̀ ń lọ ń bọ̀ lórí gbogbo ìjókòó. Ìyá Lavada, Màmá Crenshaw, ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbá apá Ozella mú, ó mú un gba àárín ìjọ kọjá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ìyàwó wọlé. Ó ń kí àwọn tí kò rí. "Arábìnrin Tolliver, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ wò ó o. Ẹ rọra wò ó." Arábìnrin Tolliver, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń fi í rẹ́rìn-ín, rọra gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sórí itan. Iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó sí.

Wọ́n ní kí Lavada kọrin. Ní Òkè Nébò, wọn kì í tẹ dùùrù sí orin àwọn àgbà. Ẹnì kan a pe ìlà kan kíákíá, ìjọ a gbà á, wọ́n a fà á gùn, wọ́n a máa yí i nínú ọ̀fun títí ìlà náà yóò fi di ìkérora. Láti ìgbà tí ìyá Ozella ti kú ni kò ti kọ irú rẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó pe ìlà kìn-ín-ní, ohùn àwọn arúgbó sì rọ́ lé e. Ní ìlà kẹta, ó gbàgbé pé òun ń ṣe Lavada. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fà á nínú oko ló fà á. Abẹ̀bẹ̀ dáwọ́ dúró. Ọkùnrin kan tó ti Chicago wá, tó wọ kóòtù olówó ńlá, bo ojú rẹ̀. Màmá Crenshaw kò sunkún, ó sáà ń fi ọwọ́ lu orókún rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn ìwàásù, Díákónì Odom, akọ̀wé ìjọ, ṣí ìwé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Arákùnrin Amzi Tate. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin."

Obìnrin kan dìde. "Chicago ni, sà. Ọwọ́ èmi ọmọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀."

Ó kọ ọ́. Agogo dún. Ó tún pe ẹnì kejì, ó pe ẹnì kẹta. Ẹnì kẹrin jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú yàrá ní ìlú Gary. Bàbá rẹ̀ ló dìde fún un. Nígbà tí akọ̀wé bi í ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bàbá náà mi orí. "Ọlọ́run nìkan," ni Díákónì Odom wí bó ṣe ń kọ ọ́, gbogbo ìjọ sì kérora lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Màmá Crenshaw fa etí Ozella sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run sí nìyẹn," ló sọ sí i létí. "Pé kó má ṣe irú ẹ̀ fún mi. Ẹran ni wọ́n ń fi sílẹ̀ báyẹn, kì í ṣe ọmọ èèyàn."

Ozella rò ó pé kí òun jókòó jẹ́ẹ́, kí òun jẹun, kí òun máa lọ. Pettis kò kúkú parọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ.

"Ṣé ó ku ẹnì kan?" ni Díákónì Odom bi ìjọ.

Ozella dìde.

"Lavada Crenshaw," ló wí. "Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Detroit ni. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta."

Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ṣi ìbéèrè gbọ́. Ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Hosea tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ fìlà rẹ̀. Díákónì Odom gbé gègé sókè, kò kọ nǹkan kan, ojú Màmá Crenshaw ló ń wò.

"Jókòó," ni ìyá náà wí.

"Màmá, ẹ dákun. Èmi kọ́ ni Lavada. Lavada ti..."

"Mo ní kó o jókòó." Ó di aṣọ búlúù náà mú ní ìdí, ó fà á wálẹ̀ pẹ̀lú agbára tí èèyàn kò mọ̀ pé ó ní. Ó wá gbé ojú sókè sí ìjọ. "Ó ti rẹ ọmọ mi. Ọ̀nà ló jìn, oorun ò sì tó o. Díákónì, ẹ pa ìwé yẹn dé."

Díákónì Odom pa á dé. Wọ́n kọrin ìparí. Ozella jókòó síbẹ̀. Ó ti sọ ohun tó lè ba ayé òun jẹ́, Pettis yóò sì ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà kò sì wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀. Lavada ṣì wà láàyè ní Òkè Nébò. Òun náà ṣì ni Lavada. Ojú tì í, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é, èyí tó burú ju ìtìjú lọ.

Wọ́n tẹ́ tábìlì gígùn sábẹ́ àwọn igi óòkù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì: adìẹ díndín, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sè, búrẹ́dì àgbàdo, páì ọ̀dùnkún. Àwọn èèyàn ń bu oúnjẹ, wọ́n sì ń fojú kan Ozella wò. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Màmá Crenshaw ní kó mú òun lọ sí ìpẹ̀kun tábìlì, níbi tí kò sí èèyàn. Ó ní kó bu adìẹ sí abọ́ méjì. Wọ́n jókòó. Ìyá náà kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

"Lavada kì í fa ìlà orin gùn báyẹn," ló wí. "Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kíkúrú ló máa ń gé e. Mo máa ń bá àwọn méjèèjì jà sí i."

Ozella gbé ẹran ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

"Mo kúkú ti mọ̀ láti àná. Kò sí bí ọwọ́ yìí ṣe lè jẹ́ ọwọ́ ọmọ mi. Mo mú un lọ́wọ́ kọ́ ọ rìn, ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kí n wá, mà?"

"Mo fẹ́ ọjọ́ kan sí i," ni ìyá náà wí. "Mo mọ̀ pé tí ẹlòmíràn bá lè máa jẹ́ orúkọ Lavada láìbẹ̀rù pé Lavada máa yọ sí i lójijì, á jẹ́ pé Lavada ti kú. Mo fẹ́ kó wọlé pẹ̀lú mi lẹ́ẹ̀kan, kí Tolliver rí i. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù. Ẹ ò jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán kí ẹ tó pa á."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mò ń bínú." Ó fọwọ́ wá ọwọ́ Ozella lórí tábìlì, ó rí i. "Ìwọ tó o mọ ọjọ́, tó o mọ ìlú. Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ozella wo dígí dúdú náà. Ó rí Macon. Ó rí àwọn ọwọ́ tó nà sókè, ó rí aṣọ pupa. Ó rí onílé tó ń kan ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ yìí ló búra pé òun kò ní purọ́ fún obìnrin yìí mọ́ láé, nítorí ìbúra yẹn ló sì fi da gbogbo ohun tó ní nù ní wákàtí kan sẹ́yìn.

"Èmi ni, mà," ló wí.

"Ọwọ́ rẹ wà lára rẹ̀?"

"Ó wà lára rẹ̀, mà."

"Ṣé ó jẹ̀rora?"

"Ó sùn ni, mà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì sùn."

Ìyá náà ń fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ náà, bó ṣe ṣe lánàá, fún ìgbà pípẹ́. Ozella kò mọ ohun tó ń rí níbẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé ọwọ́ náà yóò tú òun fó. Níkẹyìn, Màmá Crenshaw jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sórí itan.

"Lọ bá Díákónì Odom," ló wí. "Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó ṣí ìwé."

Díákónì Odom wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, abọ́ lórí itan, ó ń jẹun nìkan. Nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán Ozella, ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé abọ́ kúrò, ó sì ṣí ìwé náà sí ojú ewé tó ti kọ orúkọ mẹ́rin sí. Ó kọ orúkọ Lavada. Ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó kọ Detroit, ó kọ ọjọ́. Ó lọ́ra bí ẹni tó mọ̀ pé òun kò lè pa á rẹ́.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Lavada ò lè wà lọ́dọ̀ Lavada, ọmọ mi. Kí lorúkọ tìẹ?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì.

"Ozella Birdsong."

Ó ní kó pè é fún òun lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí òun má baà ṣì í kọ. Ozella pè é. Ó ń wo ẹnu gègé bó ṣe ń kọ ọ́, orúkọ tó ti rò tẹ́lẹ̀ pé ara àwo orin ni òun yóò ti rí i. Ó dára láti wò. Yíǹkì dúdú, ọwọ́ tó mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Lavada gan-an, nínú ìwé tí wọn yóò máa kà ní Òkè Nébò lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti kú: pé òun fọwọ́ kan obìnrin kan tí òun kò fọwọ́ kàn. Ó fẹ́ ní kó fà á rẹ́. Díákónì Odom ti fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà, ó ti dìde, ó ti di okùn agogo mú.

Agogo dún lẹ́ẹ̀kan. Níta, ariwo àwọn tó ń jẹun dákẹ́ lápapọ̀, Ozella sì gbọ́ igbe ìyá náà lábẹ́ igi, tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé férémù, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá ó tọ́ sí òun láti lọ gbá a mú.